Túùbù Ọ̀gá Ni A Kọ́kọ́ Ń Ṣí

Ní ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ pé májèlé wà nínú kànga màmá arúgbó kan ní Ajégúnlẹ̀, gbólóhùn méjì péré ni mo kọ sínú ìwé ìrántí mi: òjò rọ̀, mo gbàgbé àńbúrẹ́là mi sí ibi iṣẹ́. Mo ti ka ojú ewé náà léraléra. Kò sí kànga níbẹ̀, kò sí màmá, kò sí májèlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwé yẹn mọ irú ẹni tí mo jẹ́ yóò gbà pé àńbúrẹ́là nìkan ni ó ń dà mí láàmú ní ọdún náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, orí ara mi ni mo ti ń yọ ìtàn yìí jáde, orí mi kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí tí n bá fọkàn tán bí ẹjọ́ bá jẹ́ ti ẹlòmíràn. A máa gbè mí jù.

Ajégúnlẹ̀ tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Èyí tí ó wà létí odò ni, lẹ́yìn Owódé Onírin, tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí odò bá kún, omi a wọlé bá àwọn onílé lórí àga. Ní ọdún tí mo ń sọ, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ mẹ̀kúnnù, odò kún, omi sì fà. Bí ó ti fà tán ni inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ̀rù àrùn onígbáméjì ba àwọn ènìyàn. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò náà wá ẹni tí yóò yẹ kànga wọn wò, wọ́n sì rí ọ̀gá wa.

Ọ̀gá wa jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti pẹ́ lókè òkun. Magodo ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n Ìkòsí ni wọ́n dá ilé ìwádìí wọn sílẹ̀ sí: yàrá méjì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń ṣe fótókọ́pì. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ wọn, mo ń wá oyè kejì. Ẹnì kẹta wa ni Àǹtí Láàbù, obìnrin Ifákọ̀ kan tí ó ti ń fọ ìgò fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kí n tó mọ ABD. Iná mànàmáná kì í dúró, nítorí náà inú kúlà ni a ń kó àwọn èròjà tí kò gbọdọ̀ gbóná sí, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ẹja dídì ní Kétu ni yìnyín rẹ̀ sì ti ń wá. Gbogbo àwárí tí a ṣe ní ọdún náà ni ó rùn ẹja díẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Kòkòrò pọ̀ nínú omi, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Àwọn díẹ̀ ni ó ní àbùdá kan lára tí ó ń kọ́ wọn bí a ti ń po májèlé, bí ìgbà tí ènìyàn ní ìwé ìlànà ọbẹ̀ kan lápò. Ìwé ìlànà yẹn ni a ń wá. Ẹ̀rọ kan wà tí ó máa ń dà á kọ: bí àbùdá náà bá wà níbẹ̀, kódà kí ó jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀rọ yóò máa dà á kọ títí yóò fi pọ̀ tó láti tàn bí ìlà funfun lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò. Bí kò bá sí, òkùnkùn ni a ó rí. Àwọn oní-fótókọ́pì ìsàlẹ̀ ilé wa ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, àfi pé tiwọn yá ju tiwa lọ, àwọn oníbàárà wọn sì máa ń mọ ohun tí wọ́n gbé wá.

Ẹ̀rọ tí ó lè sọ ẹyọ kan di ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò mọ ibi tí ẹyọ náà ti wá. Ìdí nìyí tí a fi máa ń fi túùbù méjì kún ti àwọn tí a ń yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni túùbù májèlé: àbùdá kòkòrò kan tí a mọ̀ dájú pé ó ń po májèlé ni ó wà nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tàn, kí a lè mọ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Èkejì kò ní nǹkan kan nínú ju omi lásán lọ. Ìyẹn kò gbọdọ̀ tàn láé. Bí omi lásán bá tàn, a jẹ́ pé májèlé ti ṣáko láti ibì kan wọ ibi tí kò yẹ, gbogbo àbájáde ọjọ́ náà sì di ìwé tí a lè fi wé àkàrà.

Gbogbo ìwé tí mo kà ní yunifásítì ni ó sọ pé túùbù májèlé ni kí a ṣí kẹ́yìn, ní ibi tí ó jìnnà sí àwọn yòókù. Lọ́dọ̀ wa, òun ni a kọ́kọ́ ń ṣí, nítorí pé ti ọ̀gá ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ iṣẹ́. Ọ̀gá a dé láti Magodo, a ó dìde, Àǹtí a gbàdúrà fún ẹ̀rọ àti fún iná, a ó ṣe àmín. Lẹ́yìn náà èmi a fi ọwọ́ méjèèjì gbé túùbù májèlé fún ọ̀gá. Túùbù náà bá wọn ti òkè òkun wá ni, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà gbé e kọjá ní pápákọ̀ òfurufú jẹ́ ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú túùbù náà ní ṣíṣí lọ́wọ́ wọn. Wọn a fi àtàǹpàkò ta ìdérí rẹ̀, pàó. Wọn a fi pípẹ́ẹ̀tì, ohun èlò tí a fi ń fa ẹ̀kán omi, bu tiwọn, wọn a sì na pípẹ́ẹ̀tì náà sí mi kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Èmi a bu ti kànga kan tẹ̀lé òmíràn. Omi lásán ni ó ń gbẹ̀yìn, nítorí kò ní ẹni tí ó ni ín. Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi ní òfin yìí. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, kò sí ọmọ tí ó ń mú ẹran kí bàbá tó mú tiwọn, n kò sì rí ìdí tí ọ̀rọ̀ májèlé yóò fi yàtọ̀.

Kànga mẹ́fà ni mo bu omi wọn ní Ajégúnlẹ̀. Ti alága ẹgbẹ́ àwọn onílé wà lára wọn. Ọ̀kan sì jẹ́ ti màmá kan, opó, tí àwọn àti ọkọ wọn ti apá Ọ̀yọ́ wá sí Èkó láti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Ọkọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kànga yẹn kí ó tó kú, àwọn ará ilé àti aládùúgbò sì ń pọn níbẹ̀. Màmá dúró tì mí bí mo ti ń bu omi sínú ìgò. Mo ń kọ Gẹ̀ẹ́sì gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ sí ara ìgò náà, ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó lè hàn pé iṣẹ́ ni. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun, irọ́ sì ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí a tan iná àlùkò, kànga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tàn. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní irú àbájáde báyìí ni wọ́n ń tẹ̀ jáde lókè òkun. Ṣùgbọ́n ní òpin ìlà, omi lásán náà tàn. Kò tàn tó àwọn yòókù. Ó rọra tàn ni, bí ẹni tí ó yọjú lójú fèrèsé tí kò fẹ́ kí a rí òun. Mo rí i. Àǹtí Láàbù rí i, wọ́n sì kọjú sí ìgò tí wọ́n ń fọ̀. Mo gbà pé ọ̀gá náà rí i.

Ibí yìí ni ìrántí mi ti pín sí méjì. Nínú ọ̀kan, ọ̀gá ní kí n gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà díẹ̀ kí ó lè gba ojú ìwé, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n sì tọ́ka sí ni ibi tí omi lásán wà. Nínú èkejì, ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, sísọ́ọ̀sì sì ti wà lọ́wọ́ mi. Ti àkọ́kọ́ ni mo gbà gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni pé nínú ti àkọ́kọ́ yẹn n kò lè rí ojú ọ̀gá, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú èkejì mo ṣì mọ bí irin sísọ́ọ̀sì náà ti tutù tó. Èyí ó wù kí ó jẹ́, a gé omi lásán dànù, a tẹ ìwé, mo fọwọ́ sí i, ọ̀gá lu òǹtẹ̀ aláwọ̀ pupa lé e, a sì fi ránṣẹ́ sí Ajégúnlẹ̀.

Ìwé wa dá kànga mẹ́fà lẹ́bi. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ṣèpàdé lé e lórí, wọ́n sì dájọ́ fún ẹyọ kan. Alága ní kànga tiwọn, akọ̀wé ní tiwọn, àwọn mẹ́ta yòókù ní ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Màmá kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kì í pe opó sí ìpàdé. Wọ́n pinnu pé kànga márùn-ún yóò gba ìkìlọ̀, pé ti màmá yóò gba iyanrìn àti sìmẹ́ńtì, ní òwúrọ̀ Sátidé ìmọ́tótó tí ó ń bọ̀, nígbà tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò yóò ti jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ fún gọ́tà. Wọn kò fẹ́ kí ó di pé ìjọba ìbílẹ̀ bèèrè ohun tí wọ́n ṣe sí ọ̀rọ̀ májèlé, kí wọ́n má rí nǹkan kan tọ́ka sí.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni mo mọ̀, nígbà tí mo padà lọ bu omi mìíràn. Òkìtì iyanrìn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Màmá jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, wọ́n sì kí mi dáadáa, èyí tí ó burú fún mi ju kí wọ́n bú mi lọ. Wọ́n bi mí níbi tí àwọn yóò ti máa pọn omi. Mo ní bóyá nílé alága.

Wọ́n wò mí. "Èyí tí ìwé yín ní májèlé wà nínú rẹ̀ náà, dókítà?"

N kò tíì di dókítà nígbà náà, n kò sì tíì di dókítà títí di òní. Mo ní n óò yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí mo dé Ìkòsí, mo sọ ohun tí mo rí fún Àǹtí Láàbù. Mo sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń ròyìn ìwà àwọn onílé. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n sì bi mí bóyá n kò tíì kíyè sí i pé ọjọ́ tí ọ̀gá kò bá wá síṣẹ́ ni omi lásán máa ń dákẹ́.

Mo bi wọ́n ní ìdí tí wọn kò fi sọ fún ọ̀gá.

"Èmi? Kí n sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé ọwọ́ wọn ló ń ta májèlé sí wa nínú omi? Ìwọ tó lọ yunifásítì, ṣé o ti sọ fún wọn?"

Mo ti mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú ìwé mi, mo tilẹ̀ fi yẹ́lò fa ìlà sí i nídìí. Ìdí tí n kò fi sọ ọ́ ni pé ẹ̀kọ́ ilé mi ti bá mi gbé pẹ́ ju ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì mi lọ, n kò sì mọ Yorùbá tí ènìyàn lè fi sọ fún àgbàlagbà pé kí wọ́n dúró kí omi kànga kọ́kọ́ kọjá.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá kò wá. Mo fọ orí tábìlì pẹ̀lú bílíìṣì, Àǹtí yọ pípẹ́ẹ̀tì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò láti inú páálí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ bu omi lásán, mo sì dé e. Mo bu ti kànga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Níkẹyìn, mo gbé túùbù ọ̀gá lọ sí yàrá kejì, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí i. Ojú ń tì mí bí ẹni tí ó jókòó sórí àga ọ̀gá nígbà tí kò sí nílé. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a tan iná àlùkò, ìlà kan ṣoṣo ni ó tàn, ti ọ̀gá. Kànga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣókùnkùn. Kòkòrò wà nínú gbogbo wọn, mo ti gbìn wọ́n sínú àwo mo sì rí wọn tí wọ́n hù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ní àbùdá májèlé tí a kà sí wọn lọ́rùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo lọ sí Magodo. Gáàdì ẹnu géètì kọ orúkọ mi, ó kọ aago, ó bi mí bóyá wọ́n ń retí mi. Ọ̀gá wà ní pálọ̀, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi àwòrán hàn wọ́n, mo sì ṣàlàyé láti orí kápẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í ṣe aláìmọ̀. Mo rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ náà ti yé wọn kí n tó dé ìdajì rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni ẹni tí ó ṣí túùbù wọn.

"Èmi ni, sà."

"Nígbà wo?"

"Lẹ́yìn gbogbo àwọn yòókù, sà."

Wọ́n yọ ìgò ojú wọn. "Lẹ́yìn omi kànga Ajégúnlẹ̀."

Mo rò pé wọ́n ń ka iye ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ti fi àtàǹpàkò ta ìdérí yẹn, àti iye ìwé tí wọ́n ti ara rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n èrò tèmi nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ebi ni ó ń pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Wọ́n ní àbájáde àkọ́kọ́ kò lábùkù kankan. Ti ìpele kìn-ín-ní ni. Èyí tí mo gbé wá yìí ni ti ìpele kejì, tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ. Kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun wọn, wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa lé e, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé mílò wá fún mi. Mo mu mílò náà. Mo dúpẹ́ gan-an.

Ní Sátidé, mo gun ọ̀kadà kúrò ní Kétu kí aago méje tó lù, kí ìmọ́tótó má baà há mi mọ́ ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé, àwọn ọkùnrin ti ń po sìmẹ́ńtì. Màmá jókòó sí ẹnu kànga gan-an, wọ́n ká aṣọ wọn jọ, kò sì sí ẹni tí ó lè gbé wọn kúrò. Alága dúró pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Mo fún wọn ní ìwé ìpele kejì. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ ti ìṣáájú láti inú àpò, wọ́n fi òǹtẹ̀ méjèèjì wéra.

"Òǹtẹ̀ kan náà ni lóòótọ́," ni alága wí. "Ewo ni ká wá gbà gbọ́?"

Mo ní ti ìpele kejì, nítorí pé ó jinlẹ̀ jù.

"Tí ìpele kẹta bá ń bọ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè náà dára ju gbogbo èyí tí àwọn olùdánwò oyè mi wá bi mí lẹ́yìn náà lọ. Ọkùnrin kan ti fi ṣọ́bìrì bu sìmẹ́ńtì, ó ń dúró de fèrè. Màmá kò wo alága. Èmi ni wọ́n ń wò. Mo wá sọ ọ́. Mo ní ìwé àkọ́kọ́ kì í ṣe ìpele kankan, àṣìṣe ni. Pé májèlé tí a rí kò ti inú kànga wá, láti inú ìgò tiwa ni ó ti ta sí i. Pé mo rí àmì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì fọwọ́ sí ìwé. Mo fẹ́ràn láti máa rántí pé mo wí pé èmi ni mo gé àmì náà dànù. N kò lè búra sí i.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé wọn. Alága ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní májèlé nílé ní Ìkòsí, ẹ wá ń wá a kiri ní Ajégúnlẹ̀." Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tí ó gbé ṣọ́bìrì fi dà á sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, alága ní ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, ìwé náà kò sì tó mọ́, níwọ̀n bí a ti rí ohun tí ìwé wa jẹ́. Bí omi yìí bá dára, kí dókítà mu ún.

Màmá dìde ní ẹnu kànga, wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé omi jáde nínú ife ike kan tí ó kún dé ẹnu.

Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo mọ̀. Àyẹ̀wò wa sọ pé kò sí àbùdá májèlé kan báyìí. Kò sọ pé omi náà mọ́. Ṣáláńgá aládùúgbò wà ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí kànga, odò sì ti da ohun gbogbo pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu sìmẹ́ńtì kí n tó dé àárín rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń ṣàlàyé. Mo mu omi náà tán.

Wọ́n dúró díẹ̀, mo rò pé wọ́n ń wò ó bóyá n óò ṣubú. Nígbà tí n kò ṣubú, alága fọn fèrè, wọ́n gbé ṣọ́bìrì wọn, wọ́n sì da sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti pò sí ihò kan lójú ọ̀nà, kí ó má baà ṣòfò. Gọ́tà ṣì ń dúró dè wọ́n, aago mẹ́wàá sì ń bọ̀.

Mo sún mọ́ màmá, mo rọra sọ fún wọn pé kànga wọn ti bọ́ lọ́wọ́ iyanrìn, ṣùgbọ́n kòkòrò mìíràn wà nínú rẹ̀. Pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n máa se omi náà kí wọ́n tó mu ún.

"Sísè ni èyí tí ẹ mu yẹn," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ tí odò ti kún la ti ń sè é. Kò sẹ́ni tí inú run nílé yìí. Ẹ bu omi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò bi wá."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì dá ife náà padà. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti kọ nípa omi wọn, mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè: báwo ni wọ́n ṣe ń sè é pẹ́ tó?

"Títí yóò fi hó ni, dókítà. Ṣé ẹ ń sè é lọ́nà mìíràn ní Ìkòsí?"